Wọ́n lé mi láìgbọ́ tẹnu mi: ṣé kí n gba owó oṣù kan tí wọ́n fi lọ̀ mí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin iṣẹ́ Nàìjíríà. Ọdún 6 ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ kan n'Íbàdàn. Lóṣù tó kọjá, dísẹ́ẹ̀lì dín nínú táǹkì. Wọn ò fún mi ní kúẹ́rì (ìwé pé kí n ṣàlàyé ara mi), wọn ò pè mí síwájú ìgbìmọ̀ kankan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n já ìwé lé mi lọ́wọ́ pé mo jalè. Èmi ò sì sí lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ tí wọ́n ní epo ọ̀hún pòórá! Orúkọ mi tí wọ́n bà jẹ́ ló ń dùn mí ju iṣẹ́ lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ lẹ́tà sí máníjà, kò fèsì. Ìgbà tí mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ ni ilé iṣẹ́ náà tó pè mí: àwọn á san owó oṣù kan, bí mo bá fọwọ́ síwèé pé ọ̀rọ̀ parí. Mo mọ̀ pé ìkìlọ̀ oṣù kan ṣáájú ìdádúró ni Labour Act, òfin iṣẹ́ wa, fún ẹni tó ti lo ọdún 5, àmọ́ ẹ̀sùn olè ńkọ́?

Tí mo bá gbowó náà tí mo sì fọwọ́ síwèé, ṣé mo ṣì lè pè wọ́n lẹ́jọ́ ní National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, pé wọn ò gbọ́ tẹnu mi?