Ṣé kí n ra ẹ̀rọ orin olówó ńlá, àbí kí n dúró ti èyí tí mo ní?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Kubwa l'Ábújá níbí ni mò ń gbé. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbọ́ àpàlà lórí ẹ̀rọ kékeré kan tí mo rà ní ₦28,000 ní ọjà Wuse. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, tí agídìgbo bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ara mi á balẹ̀ wọ̀ọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan ní Gwarinpa pè mí wá gbọ́ tirẹ̀, tó lé ní mílíọ̀nù kan náírà. Mo gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀, mo gbọ́ bí akọrin ṣe ń mí kó tó gbé orin. Ọkàn mi fà sí i gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé àwo àtijọ́ tí mo fẹ́ràn jù sí i, bí àwo náà ṣe ń ta ṣíṣí ló gba etí mi kan. Ọ̀pọ̀ àwo ìgbà yẹn, mono ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀. Ohùn kan náà ni sípíkà méjèèjì ń gbé jáde.

Mo ti tọ́jú ₦400,000. Ìyàwó mi ní kí n kọ́kọ́ fi kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnnì tó nípọn sí pálọ̀, torí táìlì àti ògiri lásán ń dá ohùn padà. Ẹ̀rù iná tó ń lọ sókè sódò náà ń bà mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lo méjèèjì, ṣé ẹ ṣì ń gbádùn orin náà bíi ti tẹ́lẹ̀?