Wọ́n ní ojú ọmọ mi ń fò, ṣé kí n gba lọ́yà?

Ìyá Dámọ́lá: Ẹ gbà mí o. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní ìlú Òyìnbó níbí yọ̀ǹda ara rẹ̀ fáwọn olùwádìí kan. Ó gbé àgbọ̀n lé irin, ó ń fojú tẹ̀lé àmì kékeré tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ọmọdé kan tó ń darí ìdánwò náà ló sọ fún un pé ojú rẹ̀ kì í tẹ̀lé e geere, ó ń fò, àti pé wọ́n ń rí irú ẹ̀ nídìílé tí schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó máa ń mú kéèyàn gbọ́ ohùn tí kò sí, bá wà. Ta ló bi í? Mo wọkọ̀ ojú irin wákàtí 3, wọn ò jẹ́ kí n rí ọ̀gá wọn. Nídìílé tèmi, a kì í ya wèrè!

Bàbá Káfáyà: Kí ló gbé e débẹ̀? Ẹ̀yin ìyá kì í kọ́ ọmọ. Ojú tèmi náà fò lọ́dún tó kọjá, ìtọ̀ ṣúgà ni.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́: Ẹ fara balẹ̀ mà. Láti 1908 ni àwọn olùwádìí méjì, Diefendorf àti Dodge, ti rí i lójú àwọn aláìsàn. Olùwádìí mìíràn, Philip Holzman, tún gbé e yẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1973, nígbà tó yá ó sì rí i lójú àwọn ẹbí wọn tára wọn le. Ṣùgbọ́n àìsùn àti oògùn oorun náà ń ba ìdánwò yẹn jẹ́, ojú ẹni tí nǹkan kan ò ṣe sì lè fò. Dókítà kankan kì í fi òun nìkan dájọ́. Ta ló ṣàìsàn nínú ẹbí?

Ìyá Dámọ́lá: Mo ti dáhùn. Ẹjọ́ lọ́yà ni mò ń béèrè.

Ìyá Ìbejì: Ẹ yé pè é ní wèrè, ó ń dùn wá. Àbúrò mi gba ìtọ́jú ní Aro, l'Abẹ́òkúta. Ó ń ránṣọ báyìí, òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó mi.

Bàbá Káfáyà: Ta ló bú àbúrò yín?

Ìyá Dámọ́lá: Ìdílé tèmi ni mo wí, n ò parọ́. Bàbá Dámọ́lá ló ṣàìsàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a dúró sí ọsibítù. Dámọ́lá ò mọ̀, mo ní ó rìnrìn àjò. Láti bí oṣù 2 ni Dámọ́lá fúnra rẹ̀ ti ń fi tíṣù dí ihò kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀, ó ní àwọn tó wà lódì kejì ògiri ń dárúkọ òun.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́: Háà, mọ́mì. Ẹ fi ti ojú sílẹ̀. Bàbá nìkan ò sọ ọ́ di dandan: nínú 100 ọmọ tí òbí wọn kan ní in, nǹkan bí 10 ló ń mú. Ti tíṣù yẹn ló yẹ ká sáré sí. Tó bá jẹ́ England ni, ẹ pe GP rẹ̀, ìyẹn dókítà àdúgbò rẹ̀, lónìí, tàbí kẹ́ ẹ pe 111, nọ́ńbà ìlera, kẹ́ ẹ tẹ 2 fún ti ọpọlọ. Ẹ sọ ti bàbá rẹ̀ fún wọn.

Ìyá Dámọ́lá: Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní ọmọ ọdún mélòó ni bàbá rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. 20 ni. Dámọ́lá á pé 20 lóṣù tó ń bọ̀.

Ìyá Ìbejì: Mo ti fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀. Ẹ pè mí kẹ́ ẹ tó wọkọ̀.