Algae (nǹkan bí ewé tó ń hù nínú omi) ti fẹ́ bo òkúta inú táǹkì omi iyọ̀ mi tán, tẹ́ẹ̀sì sì ń sọ pé nitrate àti phosphate, èròjà tó ń bọ́ ọ, jẹ́ 0

Ẹlẹ́ja Tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Táǹkì omi iyọ̀ mi, lítà 150 ni, ó ti lé díẹ̀ ní oṣù mẹ́rin tí mo ti dá a sílẹ̀, ẹja clownfish méjì ló wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú edé kan àti coral rírọ̀ (ẹranko òkun tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta) mélòó kan. Níbẹ̀rẹ̀, nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ kan ló kọ́kọ́ bo yanrìn àti gíláàsì, ìyẹn lọ fúnra ẹ̀. Ìgbà tó yá ni nǹkan tútù tó rí bí irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí òkúta, ó ti ń gorí coral mi kan báyìí. Òmíràn tún wà lórí yanrìn lápá ẹ̀yìn, pupa ni, ó ń yọ̀, tí mo bá fà á gbogbo ẹ̀ ló máa ká wọ́ pọ̀ tẹ̀lé ọwọ́ mi, tílẹ̀ bá fi máa mọ́ ó ti tún tẹ́ síbẹ̀.

Èyí tó wá rú mi lójú ni pé mo ṣe tẹ́ẹ̀sì omi, nitrate 0, phosphate 0, mo tún un ṣe, 0 náà ni. Kí ni algae yìí wá ń jẹ? Ẹni tó ta ẹja fún mi ní kí n ra oògùn apalgae kí n dà á sínú omi. Omi ẹ̀rọ ni mò ń lò, mo máa ń fi oògùn tó ń mú chlorine kúrò sí i kí n tó po iyọ̀ mọ́ ọn, iná ń wà ní títàn fún wákàtí 12, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni mò ń fún wọn lóúnjẹ. Mi ò fẹ́ kí àwọn ẹja yìí kú mọ́ mi lọ́wọ́ o.

Àgbà Ìdí Táǹkì:
Ẹ má da oògùn kankan sínú omi yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Tí gbogbo algae yẹn bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, inú táǹkì náà ló máa jẹrà sí, gbogbo ohun tó ti jẹ láti ọjọ́ yìí ló máa tú padà sómi, bákítéríà tó ń jẹ òkú ẹ̀ á máa lo ọ́síjìn inú omi, ẹja yín á bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle lókè omi. Ẹ tún wò ó dáadáa, àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyẹn ní copper nínú, copper ò sì ní dá edé tàbí ìgbín sí.

Ní ti 0 tí ẹ rí yẹn, irọ́ kọ́ ni tẹ́ẹ̀sì ń pa, ohun tó ṣẹ́ kù sínú omi nìkan ló mọ̀ ọ́n kà. Oúnjẹ tí ẹja ò jẹ tán àti ìgbẹ́ wọn ń di ammonia, bákítéríà kan á sọ ọ́ di nitrite, òmíràn á sọ ìyẹn di nitrate, phosphate náà ń bá oúnjẹ wọlé, gbogbo ẹ̀ ń wọlé lójoojúmọ́ ṣùgbọ́n algae ti ń gbà á mu kó tó pọ̀ tó ohun tí tẹ́ẹ̀sì máa rí. Ara algae yẹn gan-an ni nitrate àti phosphate yín wà. Ìdí nìyẹn tí yíyọ ọ́ jáde kúrò nínú táǹkì fi dáa ju pípa á síbẹ̀ lọ, tí ẹ bá ti fà á jáde, ohun tó jẹ ti bá a jáde nìyẹn.

Ohun mẹ́ta tí ẹ kà yẹn ò jọra rárá. Èyí aláwọ̀ ilẹ̀, diatom ni, irú algae tíntín kan, silicate (èròjà kan tó máa ń wà nínú omi ẹ̀rọ) ló ń lò, ó wọ́pọ̀ nínú táǹkì tuntun, ẹ gbàgbé ẹ̀. Èyí tó rí bí irun, algae lòun náà. Èyí pupa kì í ṣe algae, cyanobacteria ni, bákítéríà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ jẹun, ibi tí omi ò ti rìn dáadáa tí ìdọ̀tí ń rọ̀ sí ló fẹ́ràn, ẹ sì ní apá ẹ̀yìn ló wà, ó dájú pé omi ò dé ibẹ̀. Ẹ yí pọ́ǹpù tó ń ti omi kiri sápá ibẹ̀, tàbí kí ẹ fi ọ̀kan kún un, ṣùgbọ́n kó má máa fẹ́ coral lójú.

Fún irun yẹn, òkúta tó bá ṣeé gbé, ẹ gbé e jáde, ẹ bu omi táǹkì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun fọ̀ ọ́ nínú omi yẹn, ẹ ṣàn án, ẹ da omi yẹn nù. Ẹ má fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ o, bákítéríà rere tó wà nínú òkúta yẹn ló ń bá yín jẹ ammonia. Èyí tí kò ṣeé gbé, ẹ máa fi ọwọ́ kan tu ú, kí ẹ fi rọ́bà fa omi pẹ̀lú ẹ̀ kó má bàa fọ́n ká. Ẹ dín iná sí wákàtí 8. Oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ tó fún ẹja yín, ìwọ̀n tí wọ́n máa jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì, tó bá jẹ́ oúnjẹ fírísà ẹ jẹ́ kó yọ́ kí ẹ sẹ́ ẹ, ẹ da omi ara ẹ̀ nù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa pààrọ̀ bíi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún omi lọ́sẹ̀, kí ẹ fi ìyẹn fa ìdọ̀tí ojú yanrìn.

Omi Tó Tòrò:
Gbogbo ẹ̀ nìyẹn o, ṣùgbọ́n kò tíì kan omi ẹ̀rọ yẹn, èmi ò sì rò pé wàhálà yìí máa tán tí omi yẹn bá ṣì ń wọlé. Oògùn yẹn ń mú chlorine kúrò lóòótọ́, kò kan nitrate, kò kan phosphate, kò kan silicate. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ omi, ẹ ń bọ́ algae ni. Omi RO/DI (omi tí fíltà ti yọ gbogbo èròjà kúrò nínú ẹ̀) ni kí ẹ máa lò, kí ẹ ra mítà TDS kékeré tó ń ka ohun tó yọ́ sínú omi, 0 ló yẹ kó máa kà. Tó bá ti ń gòkè sí 1 tàbí 2, ẹ pààrọ̀ resin inú fíltà náà, ẹ má dúró, torí silicate wà lára ohun tó máa ń kọ́kọ́ yọ́ kọjá.

Ìyá Oní-Coral:
Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ má lọ máa lé nitrate àti phosphate dé 0 o. Ọ̀pọ̀ ló ń ra GFO (ohun tó ń fa phosphate mọ́ra) kún fíltà láti gbọ́n phosphate tán pátá, coral á wá máa funfun, dinoflagellate (ohun alààyè tíntín kan tó máa ń bo táǹkì) á wá gba ilé, ìyẹn sì le ju irun lọ nígbà mẹ́wàá. Coral náà ń jẹun. Nitrate láàárín 2 sí 10 ppm (ìdá nínú mílíọ̀nù), phosphate láàárín 0.03 sí 0.1 ppm, ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ lo GFO, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀.

Tí àyè bá wà nísàlẹ̀ táǹkì, èmi á ní kí ẹ gbin Chaetomorpha, algae rere kan, sí àpótí ọ̀tọ̀, kí ẹ máa tan iná tiẹ̀ lálẹ́ nígbà tí iná táǹkì bá ti kú. Á máa bá algae yẹn du oúnjẹ, kò sì ní jẹ́ kí pH (ìwọ̀n kíkan omi) já wálẹ̀ jù lóru, tó bá ti pọ̀ ẹ gé e dànù. Ìgbín trochus náà dáa, ṣùgbọ́n irun gígùn ò dùn mọ́ wọn, ẹ kọ́kọ́ tu ú kó kúrú. Ẹ fi sùúrù kán omi táǹkì sí wọn kí ẹ tó dà wọ́n sínú ẹ̀, ara wọn ò gba kí iyọ̀ yí padà lójijì. Àwọn kan máa ní kí ẹ ra tang, ẹja tó ń jẹ algae, ẹ má dá wọn lóhùn, lítà 150 kéré fún ẹja yẹn, ìyà ni ẹ fẹ́ fi jẹ ẹ́.

Ẹlẹ́ja Tuntun:
Ẹ ṣé gan-an sà, ẹ ṣé mà. Ìbéèrè méjì ló kù. Omi táǹkì máa ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, ṣé omi iyọ̀ ni kí n fi dípò ẹ̀ àbí omi lásán? Ṣé òótọ́ sì ni pé téèyàn bá bo táǹkì fún ọjọ́ mẹ́ta láìtan iná, gbogbo ẹ̀ á tán?

Àgbà Ìdí Táǹkì:
Omi lásán, RO/DI yẹn náà. Omi nìkan ló ń gbẹ lọ, iyọ̀ ò bá a lọ, tí ẹ bá ń fi omi iyọ̀ kún un, iyọ̀ á máa ga sí i díẹ̀díẹ̀ títí tí edé ò fi ní lè pa awọ dà dáadáa mọ́. Ìwọ̀n iyọ̀ (specific gravity), 1.025 sí 1.026 ni kí ẹ dì í mú sí.

Bíbo táǹkì ń ṣiṣẹ́ fún èyí pupa, ó máa ń dín in kù gan-an, ṣùgbọ́n tí omi ò bá rìn dé ẹ̀yìn yẹn, ó ń padà bọ̀ ni. Irun, kì í sábà gbọ́ ti ọjọ́ mẹ́ta. Coral rírọ̀ yín á fara dà á. Tí ẹ bá máa ṣe é, ẹ kọ́kọ́ fa gbogbo èyí tí ẹ lè fà jáde, ẹ má pa pọ́ǹpù, tí skimmer (ẹ̀rọ tó ń fi ìfóòfó yọ ìdọ̀tí) bá wà ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru torí ọ́síjìn, lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i ẹ pààrọ̀ omi, kí ẹ má sì tan iná dé wákàtí 8 lọ́jọ́ yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 4.