Èsì: “Ìgbésẹ̀-Ẹ̀rọ” kọ́ ni STEP-NC, “lílù” kọ́ sì ni “lílu”

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó fi àtòjọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ irin ránṣẹ́ lánàá pe STEP-NC, ìlànà tí a fi ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún ẹ̀rọ tó ń gé irin tí kọ̀ǹpútà ń darí, ní “Ìgbésẹ̀-Ẹ̀rọ”, wọ́n pe fífi ẹ̀rọ dá ihò sí irin ní “lílù”, wọ́n sì ní kí ẹni tí kò bá gbà mú tirẹ̀ wá. Mo ti mú tèmi dé.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ohùn bẹ̀rẹ̀. Lílù ni ti ìlù. Lílu ni ti etí ọmọ tuntun. Mo mọ ohun tó ṣi ẹ̀gbọ́n lọ́nà: tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti tẹ̀lé “lù”, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á di àárín, a ó ní “lu ìlù”, a ó ní “lu etí”, wọ́n á wá jọra bí ìbejì. Ẹ fi “ú” sí i kẹ́ ẹ wò ó: “lù ú”, “lu ú”. Àṣírí tú! Alágbẹ̀dẹ ni bàbá bàbá mi. Ọmọ owú ni wọ́n fi ń lu irin. Bí wọ́n bá fẹ́ dá ihò sí i, irin mìíràn tó ṣóńṣó ni wọ́n ń mú. Iṣẹ́ méjì ni.

Ní ti STEP, ìkékúrú ni, kì í ṣe ìgbésẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin yẹn dúró fún ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń gba àlàyé ọjà lọ́wọ́ ara wọn, ISO 10303 (ISO ni àjọ àgbáyé tó ń gbé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ jáde). Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbésẹ̀ gidi wà nínú ISO 14649, ìlànà STEP-NC fúnra rẹ̀, tí wọ́n gbé jáde ní 2003: “workingstep” ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ kan, irinṣẹ́ kan, lójú ibì kan lára irin. Ẹ ti fi orúkọ ọmọ sọ bàbá. Kí la ó wá pe ọmọ?

Èyí tó dùn mí jù ni pé ìgbésẹ̀ ẹ̀rọ gan-an ni G-code àtijọ́, àwọn àṣẹ kúkúrú tí wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ, ISO 6983 ti 1982, ń sọ. G01, lọ tààrà. G02, yí bí ọwọ́ aago. M03, bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì. Ẹ̀rọ á máa lọ, á máa bọ̀, kò mọ̀ pé ihò lòun ń lu. STEP-NC ní tirẹ̀ á sọ pé: irin náà rèé, ihò tí mo fẹ́ rèé, bó ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe jìn tó rèé, irinṣẹ́ rèé. Bí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ bá tún nǹkan kan ṣe, àtúnṣe náà lè padà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ya àwòrán. G-code kì í gbé irú ìyẹn padà. Bí oníbàárà bá gbé ọkọ́ tó ti jẹ wá fún bàbá àgbà, “Ẹ bá mi rọ irú èyí, kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ sí i” ni wọ́n ń wí. Ta ló jẹ́ ka iye ìgbà tí ọmọ owú máa balẹ̀ fún wọn?

Nítorí náà, “Àlàyé-Iṣẹ́-fún-Ẹ̀rọ” ni mo mú wá fún STEP-NC. Ẹ fi “ìgbésẹ̀ iṣẹ́” sílẹ̀ fún workingstep.

Àbúrò wa ní Lọ́ńdọ̀nù tó pe ihò àti kòtò ara irin, “feature” lédè Gẹ̀ẹ́sì, ní “àbùdá”, n kò tíì gbà fún ẹ o. Ohun tí a bù dá mọ́ nǹkan ni àbùdá. Irin kò bá ihò wáyé. O ní irin kọ́ lò ń wí, pé látinú àwòrán ni ohun tí a fẹ́ ṣe ti bá ihò wá. Àgbà wo lo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé àwòrán ní àbùdá?