Kíkọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ àwọn Sista: ẹ̀yin tí ẹ ti lọ rí, ẹ sọ tiyín

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti ìgbà tí mo ti padà sí Èkìtì ni àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ti máa ń dá mi dúró, wọ́n á ní, "Àǹtí, ọ̀nà wo lẹ gbà tẹ́ ẹ fi lọ?" Yúróòpù ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí n kọ ohun tí ojú mi rí síbí, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ lè mọ ohun tó ń lọ ṣe.

Ìlú Dásà ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo lọ, nǹkan bí 200 kìlómítà sí àríwá Kútọnu. Àwọn Sista Kátólíìkì kan tó ní ilé ìwé níbẹ̀ ló ń wá ẹni tí yóò yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti bá wọn kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Fadá ìjọ wa ló sọ fún mi, torí ó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi gba NCE. Kò sí owó oṣù níbẹ̀ o. Yàrá àti oúnjẹ ni tiwọn, owó ọkọ̀ àti owó àpò ni tèmi. Ẹni tó ń wá owó kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni kó ti wá a.

Bàbá mi kọ́kọ́ fajú ro. Ìyá mi ló gbè mí lẹ́yìn. Ọwọ́ àwọn Sista St. Louis tó wá láti Ireland ló ti kàwé ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, ó sì sọ fún Bàbá pé àwọn obìnrin yẹn fi òkun sáàárín àwọn àti ìyá wọn kí àwa lè mọ̀wé, ta ló wá ní ọmọ tiwa ò lè kọjá bọ́dà Sẹ̀mẹ́? Bàbá ò rí èsì fọ̀. Àwọn Fadá SMA (ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì) tó mú ẹ̀sìn Kátólíìkì wá bá àwa Yorùbá náà, Ouidah ní ilẹ̀ Benin ni wọ́n kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí ní 1861, kí wọ́n tó wá sí Èkó. Ọ̀nà tí oore gbà dé ọ̀dọ̀ wa ni èmi náà gbà lọ.

Mo dé Dásà, mo rí òkè lọ́tùn-ún, mo rí òkè lósì, àfi bíi pé Olósùnta ni mò ń wò. Ẹ̀ka èdè Yorùbá ni àwọn ará Ìdáàṣà tó ni ìlú náà ń sọ. Bí àwọn ìyá àgbà bá ń sọ̀rọ̀ lọ́jà, mò ń gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, bí mo bá sì fi ẹnu Èkìtì dá wọn lóhùn, inú wọn a dùn, wọ́n a máa pè mí lọ́mọ. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì, Faransé ni.

Kíláàsì àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì, èyí tí wọ́n ń pè ní sixième, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá ka ọdún mẹ́rin, wọ́n á ṣe ìdánwò BEPC. Máàkì wọn, orí 20 ni, kì í ṣe orí 100 bíi tiwa. Àwọn ọmọ náà, nínú aṣọ kakí wọn, mọ òfin gírámà Gẹ̀ẹ́sì débi tó yà mí lẹ́nu. Àmọ́ bí mo bá bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ló jẹ láàárọ̀, á dákẹ́, á máa wo ojú ẹnìkejì rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo dé ni Sista àgbà ti sọ fún mi pé n kò gbọdọ̀ dá wọ kíláàsì. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi. Ọkùnrin náà ti ń kọ́ wọn tipẹ́, kò sì tíì dé ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì rí. Sista ní òun ti rí i níbòmíràn: àlejò á dé, tíṣà ìlú á lọ jókòó sí ọ́fíìsì, àlejò á máa dá kọ́ni. Ọjọ́ tí àlejò bá di ẹrù rẹ̀, ohun tó kọ́ wọn bá a lọ. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ tọkàntọkàn. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ má gbàgbé òfin Sista yìí.

Bí a ṣe ṣe é ni pé tíṣà á kọ́ gírámà àti àyọkà tí ìdánwò ń fẹ́, èmi á gba apá tó kù fún ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹni tó bá ti Faransé dé inú Gẹ̀ẹ́sì kì í pe "h". "Ouse" ni wọ́n ń pe "house". Kò ṣàjèjì sí ọmọ Èkìtì, torí lẹ́tà yẹn kan náà ni wọ́n ṣe na ọ̀pọ̀ wa lẹ́gba. Mo ní kí kálukú gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu, kó máa pè é títí èémí á fi kan ọwọ́ rẹ̀. Tíṣà gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà sókè, ó ń pè é pẹ̀lú wọn. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn o. Ọkùnrin tó tó bàbá bí mi, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ níwájú àwọn ọmọ tó ń kọ́, kò sì sí èyí tó rín in fín nínú wọn.

Eré bọ́dà ló wá là wọ́n lẹ́nu. Torí Nàìjíríà ni òbí púpọ̀ níbẹ̀ ṣe fẹ́ kí ọmọ wọn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì wa ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí Èkó. Ọmọ náà bi mí níwájú gbogbo wọn pé kí ló dé tí orílẹ̀-èdè mi fi ti bọ́dà pa ní 2019, tí bàbá òun jókòó sílé títí 2020 fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Mo sọ ohun tí ìjọba wa sọ nígbà náà, pé ìrẹsì àti ẹrù fàyàwọ́ ni wọ́n fẹ́ dá dúró. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, mo rí i lójú rẹ̀. N kò bá a jiyàn, torí ebi tó pa wọn nílé ló ń sọ.

Èmi àti tíṣà jókòó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a kọ ìtàkùrọ̀sọ kan ní Gẹ̀ẹ́sì: kọ́sítọ́ọ̀mù, awakọ̀, àti obìnrin oníṣòwò tó kó ẹ̀pà. A pín àwọn ọmọ sí mẹ́ta mẹ́ta. Ọmọ yẹn ló ṣe kọ́sítọ́ọ̀mù. Ó ń béèrè ìwé, ó ń béèrè ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tì í. Nígbà tó yá, tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀: ti ilé ìwòsàn, ti ọjà iṣu, ti ẹni tó ṣìnà nílùú ńlá. Ó ra ìwé ìkọ̀wé kan sọ́tọ̀ fún un. Kí n tó kúrò, èmi ni mò ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì, òun ló ń darí gbogbo rẹ̀.

Ní ti ilé àwọn Sista, agogo á dún kí ilẹ̀ tó mọ́: àdúrà òwúrọ̀, Mísà, kí a tó mu tíì. Faransé ni wọ́n ń sọ nídìí oúnjẹ, Sista tó ń dáná ló sì kọ́ mi ní ìwọ̀nba tí mo gbọ́, nínú ilé ìdáná. A kì í jáde lálẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni àárò ilé máa ń mú mi jù. Mo dúró di oṣù Kẹjọ kí n lè rí àwọn onígbàgbọ́ tó ń ti gbogbo Benin wá gbàdúrà ní ihò àpáta Notre-Dame d'Arigbo, ibi mímọ́ ti Màríà ní Dásà. Ẹni tó bá lè dúró dè é, kó dúró.

Tíṣà Ìfàkì

O ṣeun, àbúrò mi. Tèmi yàtọ̀. Kara ni mo lọ, ní àríwá Togo, lọ́dọ̀ àwọn Brọ́dà Kátólíìkì kan tó ń tọ́ àwọn ọmọkùnrin. Ká ní Atakpamé ni wọ́n fi mí sí, ǹ bá rí àwọn Ifẹ̀ ibẹ̀ tó jẹ́ ìbátan wa. Ní Kara, Kabiyè ni wọ́n ń sọ, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí mo lè fẹ̀yìn tì.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní kí n wá kọ́. Kò pẹ́, wọ́n fi bọ́ọ̀lù kún un. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí kún un, wọ́n fi lẹ́tà títẹ̀ kún un. Mo fẹ́ràn àwọn Brọ́dà náà, ènìyàn rere ni wọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ bá fi tó, ó ti rẹ̀ mí. Ìbínú tí mo fi sínú nígbà náà kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ẹ̀yin àti àwọn tí ẹ ń lọ bá, ẹ jọ kọ wákàtí iṣẹ́ yín sílẹ̀ kí ẹ tó gbéra nílé.

Oṣù Keje ni mo wà níbẹ̀, ìgbà náà ni Evala máa ń wáyé, ìjàkadì tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin Kabiyè fi ń wọ ẹgbẹ́ àgbà. Gbogbo ọmọ ló fẹ́ lọ wò ó. A lọ. Nígbà tí a dé, mo ní kí wọ́n sọ ìjà náà fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì: ta ló gbé ta, ta ló fẹ̀yìn balẹ̀. Ariwo wọn pọ̀ jù ti ìdíje gidi lọ.

Ọ̀rọ̀ tíṣà ìlú tó o sọ ló wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Wọn kò fi ẹnikẹ́ni tì mí. Lẹ́yìn tí mo dé ilé, mo béèrè lórí WhatsApp, wọ́n ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ti dúró. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ẹni tó bá lọ fún ọlidé nìkan, kó ran tíṣà lọ́wọ́, kó má gba kíláàsì.

Ìyá Adó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Èmi ni ẹni tí wọ́n wá kọ́. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ọ̀dọ́bìnrin òyìnbó kan wá bá àwọn Sista wa, ó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì. A fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ọjọ́ kan, a dé kíláàsì, wọ́n ní ó ti lọ, àkókò rẹ̀ pé. Kò sí ẹni tó sọ fún wa tẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan kò kà mọ́ bó ṣe ń kà tẹ́lẹ̀ ní táàmù yẹn. Mo di tíṣà, mo kọ́ni títí mo fi gba pẹ́ńṣàn, n kò gbàgbé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ wọ kíláàsì, ẹ sọ oṣù tí ẹ máa lọ fún àwọn ọmọ. Ọmọdé lè gbà á bí wọ́n bá sọ ọ́ fún un.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin fẹ́ lọ bíi tiyín. Kí ló yẹ kó wá sílẹ̀?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́

Ẹ ṣé gan-an, Màmá. Kó gba páásípọ́ọ̀tù. Ọmọ ECOWAS lè wọ Benin láìgba físà, kó sì lò tó 90 ọjọ́. Bó bá jẹ́ ọdún ẹ̀kọ́ kan ló fẹ́ lò, kó ní kí àwọn Sista bá a gba ìwé ìgbélùú. Kó gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú (yellow fever) àti káàdì rẹ̀ tó pọ́n bí iyeyè. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan ni èèyàn ń gba abẹ́rẹ́ yẹn, ó sì tó títí ayé. Bí ẹnikẹ́ni ní bọ́dà bá ní káàdì náà ti pẹ́ jù, kó má fún un lówó.

Kó gba lẹ́tà lọ́wọ́ Fadá ìjọ yín, àti ìwé ẹ̀rí ìwà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Wọ́n á fún un ní òfin ààbò ọmọdé láti bu ọwọ́ lù, wọ́n sì lè wádìí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Kó má bínú sí i. Póòpù Francis ti pàṣẹ ní 2019 pé kí gbogbo dáyọ́sìsì ní ibi tí èèyàn lè fẹjọ́ sùn sí bí wọ́n bá ṣe ọmọdé níṣekúṣe, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Kó bẹ̀rẹ̀ Faransé báyìí, kó má dúró dìgbà tó bá dé ọ̀hún. Kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn Sista náà pé tíṣà wo ni òun àti ẹ̀ máa jọ ṣiṣẹ́. Bí wọn kò bá tíì mọ ẹni náà, kó ní sùúrù títí wọ́n á fi rí i.