Ọmọ mi fẹ́ sáìn kọ́ńtíráàtì pẹ̀lú bándì rẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi. Sheffield ni mo ń gbé, ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 24, ló kó ìrònú bá mi. Ìlù ṣọ́ọ̀ṣì ló fi bẹ̀rẹ̀, àwa náà la ń pàtẹ́wọ́ fún un nígbà tó wà ní kékeré, a ò mọ ibi tó máa já sí. Òun àtàwọn ọmọ òyìnbó mẹ́ta kan ló dá bándì sílẹ̀ ní yunifásítì, indie rock ni wọ́n ń pe orin ọ̀hún, gìtá àti ariwo ṣáá, ó ti pé ọdún márùn-ún báyìí. Pẹ̀lú gbogbo kọ̀ǹpútà tó kà, wiaháósì ló ń lọ lóru kó lè ráyè fún ìlù. Ní báyìí iléeṣẹ́ rékọ́ọ̀dù kékeré kan ní London ti gbé kọ́ńtíráàtì wá, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì péré làwọn fún wọn láti fi sáìn, àmọ́ akọrin wọn àti onígìtá nìkan lorúkọ wọn wà níbẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ mi àti ẹnìkejì rẹ̀ sáìn bébà mìíràn pé 10% ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn á máa gbà. Mo ní ṣé ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní "Mummy, ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n." Bàbá ẹ̀ ní tiẹ̀ ní àwọn ò bí Àyàn nílé àwọn, kó gbélùú sílẹ̀ kó lọ wáṣẹ́ gidi. Mi ò fẹ́ bá ọmọ jà, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Gbọ̀ngán: Daddy ti sọ̀rọ̀ tán jàre. Ọdún márùn-ún, owó dà?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin bàbá yìí náà! Sheffield yẹn ni bándì Pulp ti jáde o sà. Ọmọ ọdún 15 ni Jarvis Cocker, akọrin wọn, nígbà tó dá a sílẹ̀ ní 1978, àwo àkọ́kọ́ jáde ní 1983, kò tà, ní 1985 ó já bọ́ láti ojú fèrèsé, orí kẹ̀kẹ́ arọ ló jókòó sí tó fi ń kọrin fún ìgbà díẹ̀, 1995 ni orin wọn Common People tó wá dé ipò kejì ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 17 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti lọ kówó tó dé o, mi ò ní purọ́ fún yín. Mọ̀mí, ẹ má lé e nídìí ìlù, àmọ́ kó má fiṣẹ́ wiaháósì yẹn sílẹ̀ ná.

Onílù Manchester: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà. Ẹ dákun, kó má tíì sáìn nǹkan kan!! Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ yìí, ó ti ṣẹlẹ̀ rí gan-an, níbí ní Manchester. Bándì The Smiths, 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, Morrissey ń kọrin, Johnny Marr lórí gìtá, Andy Rourke lórí báàsì, Mike Joyce lórí ìlù. Nígbà tí iléeṣẹ́ rékọ́ọ̀dù Rough Trade gbà wọ́n ní 1983, Morrissey àti Marr nìkan ló sáìn. Wọ́n gbayì, àwo mẹ́rin láàárín ọdún mẹ́rin, wọ́n túká ní 1987, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀, àwọn méjì yẹn ń mú 40% lọ́kọ̀ọ̀kan, onílù àti oníbáàsì ń gba 10% 10%. Rourke nílò owó, ó gba £83,000 ní 1989, ó sì fara mọ́ 10% yẹn lọ. Joyce ní rárá. Ó gbé wọn lọ kóòtù, ní 1996 adájọ́ ní 25% ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, Morrissey pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó tún pàdánù ní 1998.

Ohun tó gba Joyce sílẹ̀ ni pé òfin kan wà níbí láti 1890, tẹ́ ẹ bá jọ ń ṣòwò tẹ́ ẹ ò sì fẹnu kò sí nǹkan mìíràn, ọgbọọgba lẹ máa pín in. Kò sí ibi tí wọ́n ti rí i pé ó gbà fún 10%. Tí ọmọ yín bá wá fọwọ́ ara ẹ̀ sáìn bébà yẹn, ó ti gbà nìyẹn.

Àǹtí Ṣadé: Ṣé kì í ṣe báyìí náà làwọn onífújì ń ṣe ni? Ọ̀gá ló ni bándì, tó bá rọ́wọ́ mú á fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀.

Onílù Manchester: Ẹ ṣeun Àǹtí, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Onífújì, ọ̀gá ló gbà yín síṣẹ́. Àwọn ọmọ yìí, wọ́n jọ dá a sílẹ̀ ni, kò sí ọ̀gá níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Tó bá béèrè owó ṣé wọn ò ní lé e? Onílù ò wọ́n.

Onílù Manchester: Wọ́n lè lé e, mi ò ní parọ́. Àmọ́ Common People tẹ́ ẹ dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn márààrún ni wọ́n kọ orúkọ wọn pé àwọn ló ni ín, ó ṣeé ṣe. Kó wọ Musicians' Union, ẹgbẹ́ àwọn olórin, wọ́n máa ń yẹ kọ́ńtíráàtì wò fún ọmọ ẹgbẹ́ kó tó sáìn. Kó sì lọ forúkọ sílẹ̀ ní PPL, àjọ tó ń gba owó fún olórin. PRS ni ti àwọn tó kọ orin, PPL ni ti ẹni tó lùlù sínú rékọ́ọ̀dù, tí rédíò bá gbé e, owó tiẹ̀ ń bọ̀ wá bá a fúnra ẹ̀, kì í gba ọwọ́ akọrin kọjá.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an o. Ó ti wọ Union, ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí wọn lánàá. Ó sọ fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, akọrin yarí díẹ̀, onígìtá lóun ò tiẹ̀ ka bébà yẹn dáadáa. Bàbá ẹ̀ tí ò bí Àyàn, àtàárọ̀ ló ti gbé gíláàsì sójú tó ń ka kọ́ńtíráàtì, ó ti fi báírò pupa fàlà sí ojú ewé kẹta, ó ní kí n bi yín pé PPL yẹn, oṣooṣù ni wọ́n ń san án ni?