Níbo ni kí a mú àwọn àlejò yìgì lọ ní Ìlọrin?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìlọrin dáadáa. Wọn yóò so yìgì àbúrò mi obìnrin ní Sátidé kan nínú oṣù tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n àwọn àlejò bí ogún yóò ti Èkó dé láti Ọjọ́bọ̀, n kò sì fẹ́ kí wọ́n jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì lásán.

Èsìẹ́ ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1945, wà, tí àwọn ère òkúta jókòó lórí àpótí pẹ̀lú irun dídì bí ìgbà tí wọ́n ń ṣèpàdé. Omi Òwù, omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta, ni ó ń kọ mí lóminú: ṣé bọ́ọ̀sì lè dé ìdí rẹ̀ ní àsìkò òjò yìí, àbí ẹsẹ̀ ni a ó fi parí rẹ̀? Orúnkún ń dun ìyá ọkọ ìyàwó.

Ní ti oúnjẹ, wàrà díndín kò ṣòro fún mi láti rí. Ibi tí ogún ènìyàn ti lè jẹ àmàlà tàbí túwó láìpẹ́ ni mò ń wá, nítorí pé ní ọdún tó kọjá, a dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ wákàtí méjì níbì kan, ẹran sì tutù nini. Àwọn kan yóò fẹ́ mu ọtí lálẹ́. A kì í mu ún nílé wa, ojú sì ń tì mí láti bi ẹbí. Ṣé ibi tó parọ́rọ́ wà ní Tankẹ tàbí GRA?